Adájọ́ Tí Ó Fòfin De Oríkì Ara Rẹ̀

Ẹ jókòó dáadáa kí n tó bẹ̀rẹ̀. Kì í ṣe pé ìtàn náà gùn. Ọkùnrin tí ó wà nínú rẹ̀ ni kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni jókòó níwájú òun nígbà tí agbára ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Agbára ti kúrò níbẹ̀ báyìí. Ẹ jókòó, ẹ na ẹsẹ̀ yín.

Jíbrílù Sùlè ni orúkọ rẹ̀. Tí ẹ bá pè é bẹ́ẹ̀ nínú kóòtù, àtìmọ́lé ni ẹ ó sùn. Orúkọ tí òun fọwọ́ sí ni Olúwa Mi, Ọlọ́lá Jùlọ, Adájọ́ Àgbà Jíbrílù Àkànní Àjídàgbà-Sùlè, ti Ilé Ẹjọ́ Gíga Ìjọba Àpapọ̀ ní Èkó. Kì í ṣe adájọ́ àgbà o. Adájọ́ bíi ti àwọn yòókù ni, àwọn tí ó jù ú lọ sì pọ̀. Ó kàn ní ọ̀rọ̀ "àgbà" yẹn kò gba àyè púpọ̀, kí wọ́n jẹ́ kó wà níbẹ̀.

Kí ó tó wọ kóòtù, Tawfiq, akọ̀wé kóòtù rẹ̀, á kan ilẹ̀kùn, gbogbo ènìyàn á dìde. Olúwa mi kò ní í tíì wọlé. Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ni yóò dúró sí, tí yóò tẹ́tí, kí ó gbọ́ bóyá ìró àga tí wọ́n fi dìde ní ọ̀wọ̀ nínú. Tí ẹnìkan bá húkọ́, ó di kí gbogbo wọn jókòó padà, kí wọ́n tún dìde. Nígbà tí ó bá wá wọlé tán, á máa wo ẹ̀yìn àwọn agbẹjọ́rò bí wọ́n ṣe tẹ̀ ẹ́ ba.

"Ìwọ tí o wọ gíláàsì," á ní, "ṣé èmi lò ń tẹríba fún ni àbí nǹkan rẹ kan ló jábọ́ sílẹ̀?"

"Ẹ foríjì mí, Olúwa mi."

"Tún un tẹ̀. Jẹ́ kí ẹ̀yìn rẹ mọ ẹni tó wà níwájú rẹ."

Ẹ ó fẹ́ mọ bí ó ṣe ń dá ẹjọ́. Ọjọ́ kan, wọ́n gbé ẹjọ́ ọkọ̀ ojú omi kan wá síwájú rẹ̀. Òfin gbà kí a pe ọkọ̀ ojú omi fúnra rẹ̀ lẹ́jọ́ bí ẹni pe ènìyàn, tí ó bá ba ẹrù ẹlẹ́rù jẹ́. Olúwa mi wo àpótí olùjẹ́jọ́, ó rí i pé ó ṣófo.

"Olùjẹ́jọ́ dà?"

"Olúwa mi, ọkọ̀ ojú omi ni. Ó wà ní Apápá."

"Mo bi ọ́ ní ibi tó wà ni? Mo ní kí ló dé tí kò fi wá dúró sínú àpótí? Ṣé ó tóbi ju kóòtù mi lọ ni?"

Agbẹjọ́rò náà rò ó. Ó rí i pé ìdáhùn tí ó jẹ́ òtítọ́ kò ní í ṣe òun ní àǹfààní, ó bá tún tẹ̀ ba. Wọ́n dá ọkọ̀ lẹ́bi pé kò bọ̀wọ̀ fún kóòtù. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, fóònù ẹnìkan dún nígbà tí Olúwa mi ń sọ̀rọ̀ nípa ara rẹ̀, ó ní kí wọ́n gbé fóònù náà lọ sí ọgbà ẹ̀wọ̀n. Wọ́dà tó gbà á lọ́wọ́ ọlọ́pàá béèrè bóyá ó ní ẹbí tí yóò máa gbé oúnjẹ wá fún un.

Ṣùgbọ́n ohun tí ó dùn mọ́ Olúwa mi jù láyé ni oríkì. Kì í ṣe oríkì tó gùn. Èyí náà ni:

Àkànní, ọmọ Àjídàgbà,
ọmọ olódò tí kì í ra omi,
ọmọ a-tẹ́-àwọ̀n-láàárọ̀-kó-ẹja-nírọ̀lẹ́.

Tawfiq ló kọ́kọ́ ṣàkíyèsí pé agbẹjọ́rò tí ó bá fi oríkì yìí la ẹnu, ohun tó bá béèrè ni kóòtù ń fún un. Kò pẹ́ tí wọ́n fi ń tò lẹ́yìn kóòtù láti wá kọ́ ọ lọ́dọ̀ rẹ̀. Ọmọ Ìgbò kan wà láàárín wọn tí Yorùbá rẹ̀ kò ju "ẹ káàárọ̀" lọ. Ó há a sórí bí ọmọ iléèwé ṣe ń há ìsọdipúpọ̀. Nígbà tí ó kà á tán níwájú àga, Olúwa mi bọ́ gíláàsì, ó nu ojú.

"Ọmọ mi, kí lo fẹ́?"

"Kí ẹ sún ẹjọ́ wa síwájú, Olúwa mi."

"Oṣù mélòó ni kí n bù fún ọ?"

Ẹ gbọ́ ibi tí oríkì náà ti wá, nítorí pé ẹni tí kò bá mọ ìyẹn kò ní í mọ bí ọ̀rọ̀ ṣe bàjẹ́. Agboolé Àjídàgbà wà ní Ìsàlẹ̀ Gángan, ilé àwọn apẹja àtijọ́ tí ọmọ wọn ti di oníṣòwò. Sùlè, bàbá adájọ́ wa, télọ̀ ni, ọmọ Ìjẹ̀bú tí ó wá háyà yàrá kan níbẹ̀. Yàrá yẹn ni wọ́n bí Jíbrílù sí. Àwọn obìnrin ilé ló wẹ̀ ẹ́, àwọn ló pọ̀n ọ́n, àwọn ló sì fi oríkì ilé wọn rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún ní òru tí kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sùn. Nígbà tí Sùlè kú, àwọn àgbà ilé ní kò sí ẹni tí yóò gbé e lọ sí itẹ́ òkú ìgboro. Inú àgbàlá ni wọ́n sin ín sí, ní ẹ̀gbẹ́ Àjídàgbà fúnra rẹ̀. Nínú agboolé bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ tán nìyẹn. Ẹni tí wọ́n bá sin sí àgbàlá ti di onílé, ẹnikẹ́ni kò ní í bi ọmọ rẹ̀ léèrè mọ́ pé níbo ló ti wá.

Nítorí náà, irọ́ kọ́ ni Jíbrílù pa nígbà tí ó ní ọmọ Àjídàgbà ni òun. Òtítọ́ ni, wọ́n fi í ta á lọ́rẹ. Òtítọ́ náà ni kò tó o. Lẹ́nu rẹ̀, Àjídàgbà di ẹni tó ni ìdajì Erékùṣù Èkó. Ó ní láyé ìgbà náà, wọn kì í bẹ̀rẹ̀ ìpàdé ní Ìga Ìdúngànrán, ààfin ọba Èkó, bí àga Àjídàgbà bá ṣófo. Sùlè télọ̀ di olùdámọ̀ràn àwọn ọlọ́lá lórí ọ̀rọ̀ aṣọ.

Ó wá ṣẹlẹ̀ pé àjọ ìjọba àpapọ̀ kan kọ́ ọ́fíìsì alájà mẹ́wàá sí iwájú agboolé náà. Alájà Mẹ́wàá ni àwọn ará àdúgbò ń pe àjọ ọ̀hún, bẹ́ẹ̀ náà ni a ó sì máa pè é. Àwọn ọ̀gá Alájà Mẹ́wàá ní mọ́tò púpọ̀, wọn kò rí ibi gbé e sí. Wọ́n yọjú lójú fèrèsé, wọ́n rí àgbàlá Àjídàgbà nísàlẹ̀, wọ́n ní ilẹ̀ ìjọba ni. Kí ilẹ̀ tó ṣú, wọ́n ti fi ọ̀dà pupa kọ ọ́ sára ògiri pé àwọn máa wó o.

Alhaja Khairiyyah ló dàgbà jù nínú àwọn ọmọbìnrin ilé náà. Ibẹ̀ ni wọ́n bí i sí, ibẹ̀ ló sì padà sí nígbà tí ọkọ rẹ̀ kú. Òun gan-an ló wẹ Jíbrílù nígbà tí ó wà ní ìkókó. Ó wo ọ̀dà pupa náà títí. Tí wọ́n bá wó ilé yìí, kò ní ibòmíràn tí yóò gbé orí lé. Ẹbí kó ara wọn jọ, wọ́n pe Alájà Mẹ́wàá lẹ́jọ́ ní kóòtù ìjọba àpapọ̀. Ta ni wọ́n gbé ẹjọ́ náà fún? Olúwa mi Jíbrílù ni.

Ganiat, àbúrò Alhaja, tó ń ta wíìgì ní Apọ́ngbọ̀n, ti ìsọ̀ rẹ̀ pa, ó sáré wálé.

"Àǹtí mi, ọmọ wa ni wọ́n gbé e fún. Ilé ti bọ́."

Fọláṣadé, agbẹjọ́rò wọn, ọmọ Èkìtì kan tí kì í gbé ohùn sókè, kò bá wọn yọ̀. "Ẹ má bínú, mà. Òfin ò gbà kí adájọ́ dá ẹjọ́ ilé tiẹ̀. Tó bá jẹ́ ọmọ yín lóòótọ́, ó yẹ kó gbé e fún ẹlòmíì."

"Kó gbé e fún ẹlòmíì náà," Alhaja ní. "Èmi ò ní kó ṣojúsàájú. Kí wọ́n má ṣáà wó ilé lé mi lórí."

Ẹ ò rí i pé ọ̀rọ̀ rọrùn. Ọ̀rọ̀ kan ni kí Jíbrílù sọ, pé ọmọ ilé yìí ni mí, mo yọwọ́. Ṣùgbọ́n ẹnìkan lókè ti sọ ọ́ sí i létí pé tí ó bá bá Alájà Mẹ́wàá rí sí ọ̀rọ̀ ibi ìgbọ́kọ̀sí wọn, orúkọ rẹ̀ yóò wà lára àwọn tí wọ́n fẹ́ gbé lọ sí kóòtù kò-tẹ́-mi-lọ́rùn. Olúwa mi ti rán aṣọ tuntun fún un. Ó ti ń rìn wọ pálọ̀ ara rẹ̀ lójoojúmọ́, kí ó mọ irú ìrìn tí yóò bá ibẹ̀ mu.

Ẹni tí ó wá bà á jẹ́ fún un kì í ṣe ọ̀tá. Olóyè Adéọlá ni, amòfin àgbà, agbẹjọ́rò Alájà Mẹ́wàá gan-an. Kò sí ẹni tó sọ fún un pé wọ́n ti ṣètò ẹjọ́ náà sílẹ̀ fún òun. Ohun tí gbogbo Èkó mọ̀ nìkan lòun náà mọ̀. Ó dìde, ó tẹ̀ ba dáadáa.

"Olúwa mi, ọ̀rọ̀ yìí wúwo lẹ́nu mi. Gbogbo wa la mọ̀ pé ọmọ Àjídàgbà ni yín. Èmi fúnra mi ti fi oríkì yẹn kí yín láìmọye ìgbà. Àwọn Àjídàgbà yìí kan náà ló pe àwọn oníbàárà mi lẹ́jọ́. A bẹ̀bẹ̀ kí Olúwa mi yọwọ́."

Olúwa mi ṣẹ́jú sí i. Adéọlá dúró. Olúwa mi tún ṣẹ́jú, ó sì fi ẹnu tọ́ka sí àga fún un.

"Ṣé nǹkan kó sí yín lójú ni, Olúwa mi? Kí n pe nọ́ọ̀sì?"

"Adéọlá, jókòó. Ohun tí ò ń béèrè yìí kò ní í ṣe ìwọ gan-an láǹfààní."

"Mo mọ̀ pé inú á bí Olúwa mi. Àmọ́ iṣẹ́ mi ni. N kò lè jókòó."

Ẹ wo ìyọnu. Ẹni tí ó fẹ́ fún lẹ́bùn ló ń lé e kúrò nílé. Ní àga ẹ̀yìn, Alhaja Khairiyyah àti Ganiat jókòó, wọ́n ń wo ọmọ wọn. Olúwa mi gbé wíìgì funfun orí rẹ̀ gún, ó ní òun yóò dá ọ̀rọ̀ náà lóhùn lójú ẹsẹ̀.

"Kóòtù yìí," ó bẹ̀rẹ̀, "tí ó rí iwájú, tí ó rí ẹ̀yìn, tí ó sì rí àwọn ibi tí kò sí ní iwájú tàbí ní ẹ̀yìn, ti gbọ́. Èmi Jíbrílù kì í ṣe ọmọ Àjídàgbà. N kò jẹ́ ẹ rí. Bàbá mi háyà yàrá níbẹ̀, bí ẹnikẹ́ni ṣe lè háyà yàrá níbikíbi. Onílé àti ayálégbé ni wọ́n, kò sí ìbátan mìíràn. Àwọn tí ó ń fi oríkì yẹn kí mi, wọ́n kàn ń gbé mi gẹṣin aáyán ni. Láti òní lọ, mo pàṣẹ pé kí ẹnikẹ́ni, ìbáà ṣe agbẹjọ́rò, akọ̀wé, ará ilé tàbí ará ọ̀nà, má ṣe fi oríkì náà kí mi mọ́, nínú kóòtù tàbí lóde, títí ayé. Ẹni tí ó bá dán an wò, ẹ̀wọ̀n ni. Ẹjọ́ yìí kò kúrò lọ́dọ̀ mi."

Ganiat fẹ́ dìde. Alhaja di etí ìró rẹ̀ mú.

"Jókòó. Kóòtù ló ń sọ̀rọ̀."

Ìgbà tí wọ́n dé orí àtẹ̀gùn ni Ganiat tó rí ẹnu sọ ọ́. "Ọmọ tẹ́ ẹ wẹ̀, Àǹtí mi."

"Mo gbọ́. Etí mi ò di."

"Ó ní ayálégbé."

"Ayálégbé tí wọ́n sin sẹ́gbẹ̀ẹ́ onílé," Alhaja ní. "Jẹ́ ká máa lọ."

Láti ọjọ́ náà ni nǹkan ti dàrú ní kóòtù Olúwa mi. Ọmọ Ìgbò wa dìde, ó la ẹnu, "Àkàn..." ni Tawfiq bá fi ọwọ́ bò ó lẹ́nu. Àwọn agbẹjọ́rò kò mọ ohun tí wọn yóò fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ mọ́. Àfi kí wọ́n máa sọ òfin. Olúwa mi náà wá di ẹni tí ó ń gbọ́ òfin láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́, ohun tí kò bá a láti ọjọ́ tó ti pẹ́, orí sì bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ ọ.

Ó lè fi gbogbo èyí mọ níbẹ̀, kí ó jókòó sí ibi tó wà, kí ó kọ ìdájọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n báwo ni àwọn tó wà lókè yóò ṣe mọ̀ pé òun ń ṣiṣẹ́? Ó ní kóòtù yóò lọ wo ilé náà fúnra rẹ̀, kí wọ́n sì pe tẹlifíṣàn.

Mọ́tò kò lè wọ ibẹ̀. Láti Apọ́ngbọ̀n ni àwọn ọlọ́pàá ti gbé àga Olúwa mi lérí, tí òun ń rìn tẹ̀lé àga náà, tí àwọn oníṣòwò ń yà fún wọn, tí wọ́n ń béèrè bóyá wọ́n fẹ́ tà á ni. Ganiat ti dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Àga nìkan lẹ gbé wá? Ẹ ò bá gbé mọ́tò kan dání, kẹ́ ẹ wò ó bóyá á gba inú ilé wa."

Alhaja kò bá wọn ṣe yẹ̀yẹ́. Ó kúnlẹ̀ díẹ̀, bí ènìyàn ṣe ń ṣe fún àlejò tó wá láti ọ́fíìsì. "Ẹ káàbọ̀, sà. Ẹ bá wa wá ìjókòó fún àwọn àlejò."

Olúwa mi kò wò ó lójú. Ó kọjú sí kámẹ́rà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ bí ó ṣe ń rìn wọ inú àgbàlá.

Ibojì méjì ló wà láàárín àgbàlá yẹn, ṣùgbọ́n àlejò kò lè mọ̀. Wọ́n ti tẹ́ táìsì bò wọ́n, ó sì tẹ́jú dọ́gba pẹ̀lú ilẹ̀ yòókù. Àlejò a máa gba orí rẹ̀ kọjá, wọn kì í bá a wí. Ọmọ ilé ni kì í gba ibẹ̀. Láti ìgbà tí ó bá ti ń rìn tẹ̀tẹ̀ ni wọ́n ti ń kọ́ ọ: bọ́ bàtà rẹ, gba apá ọ̀tún, kí bàbá. Wọ́n á kọ́ ọ títí ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò fi mọ̀ ọ́n, tí kò ní í máa dúró de kí orí rán an níṣẹ́.

Olóyè Adéọlá gba orí rẹ̀ kọjá. Àwọn oníkámẹ́rà gba orí rẹ̀ kọjá. Ọlọ́pàá gbé àga gba orí rẹ̀ kọjá. Olúwa mi ń bọ̀ lẹ́yìn wọn.

"Kí gbogbo ayé jẹ́rìí," ni ó ń wí, "pé kóòtù yìí kò ní ohunkóhun í ṣe pẹ̀lú ilé yìí. N kò rántí ibì kankan nínú rẹ̀. Ojú mi kò dá igun kan mọ̀..."

Ó bọ́ bàtà. Ó gba apá ọ̀tún. Ó tẹ orí ba, ó ní, "Àsàlámù àlékùm, bàbá." Ó wọ bàtà rẹ̀ padà.

"...níbẹ̀," ó parí ọ̀rọ̀ rẹ̀.

Gbogbo wọn rí i. Òun nìkan ni kò mọ ohun tó ṣe. Olóyè Adéọlá wo ilẹ̀, ó wo ẹsẹ̀ Olúwa mi.

"Olúwa mi, ẹ foríjì mí. Kí ló dé tí ẹ fi bọ́ bàtà?"

"Bàtà wo?"

"Ẹ bọ́ bàtà, ẹ sì tún un wọ̀."

"Ó ń há mi lẹ́sẹ̀ ni."

"Orí táìsì yẹn nìkan ló ti ń há yín?"

Fọláṣadé kò gbé ohùn sókè. Ó kàn yíjú sí Alhaja. "Ẹ jọ̀ọ́, mà, ta ló wà lábẹ́ ibẹ̀?"

"Àjídàgbà ló wà lọ́wọ́ ọ̀tún," Alhaja ní. "Sùlè télọ̀ ló wà lọ́wọ́ òsì. Bàbá wọn yẹn ni adájọ́ kí."

Olúwa mi jókòó lórí àga rẹ̀ nínú oòrùn, ó sì fi aṣọ dúdú rẹ̀ nu ojú. Ó ní kí wọ́n pa kámẹ́rà. Ó ti pẹ́ jù. Kí wọ́n tó pe ìrun alásárì, gbogbo fóònù tó wà láti Ìdúmọ̀tà dé Òbáléndé ló ti ń bọ́ bàtà tí ó ń wọ̀ ọ́.

Ìgbìmọ̀ tí ń ṣọ́ àwọn adájọ́ ránṣẹ́ pè é. Ìbéèrè kan ni wọ́n bi í: ṣé ọmọ ilé náà ni àbí kì í ṣe é? Tí ó bá jẹ́ ọmọ ilé, a jẹ́ pé ó purọ́ lórí àga kí ẹjọ́ má baà bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Tí kò bá jẹ́ ọmọ ilé, ta ló ń jẹ́ Àjídàgbà-Sùlè láti ọjọ́ yìí wá? Olúwa mi sọ̀rọ̀ títí wọ́n fi jẹun ọ̀sán. Àkópọ̀ ohun tí ó sọ ni pé òun jẹ́ ọmọ ilé náà lọ́wọ́ òsì, ṣùgbọ́n òun kì í ṣe é lọ́wọ́ ọ̀tún. Wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ fún iṣẹ́ tó ti ṣe fún orílẹ̀-èdè, wọ́n ní kí ó máa lọ sinmi nílé láti ọ̀la lọ.

Wọ́n gbé ẹjọ́ fún obìnrin adájọ́ kan tí kì í pẹ́ kí ó tó wọlé. Ó gbọ́ tọ̀tún-tòsì, ó dá a pé ilẹ̀ kì í ṣe ti ìjọba, kí ilé dúró, kí àwọn ọ̀gá Alájà Mẹ́wàá lọ wá ibòmíràn gbé mọ́tò wọn sí. Gbogbo ìdájọ́ náà kò gùn tó orúkọ Jíbrílù. Ní ọjọ́ kejì, Ganiat ra ọ̀dà funfun, Alhaja dúró tì í títí ó fi kun ọ̀dà pupa náà pa.

Ó pẹ́ díẹ̀ kí Jíbrílù tó yọjú. Ọjọ́ Jímọ́ kan ni, lẹ́yìn ìrun. Òun nìkan ló wá, kò sí ẹni tó gbé àga dání. Alhaja wà lórí ẹní, ó ń ṣa ẹ̀wà. Jíbrílù dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Ẹ dákun, Àǹtí. Ẹ dárí jì mí."

"Dìde. Ṣé o ti jẹun?"

"Rárá, mà."

"Ganiat, bu oúnjẹ fún un."

Ó jẹun. Ó mu omi. Ó wo àgbàlá, ó wo Alhaja, ó tún wo Ganiat, bí ọmọ tí wọ́n pín nǹkan dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ tí wọ́n fo.

"Àǹtí, ẹ ò tíì kí mi."

"A ti kí ẹ. A ní káàbọ̀."

"Bí ẹ ṣe máa ń kí mi, mo ní."

Alhaja gbé ẹ̀wà rẹ̀ sílẹ̀. "Kò ṣeé ṣe, ọmọ mi. Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n pàṣẹ. Wọ́n ní ará ilé tàbí ará ọ̀nà, nínú kóòtù tàbí lóde, títí ayé. Mo ti dàgbà jù fún ẹ̀wọ̀n."

"Èmi ni mo pa àṣẹ yẹn, Àǹtí. Mo ti fagi lé e."

"Adájọ́ ló lè fagi lé e," Alhaja ní. "Ṣé ìwọ ni adájọ́ ni?"

Jíbrílù ti àwo síwájú. Ó mọ òfin tó bẹ́ẹ̀.

Ganiat kó àwo oúnjẹ níwájú rẹ̀. "Má wulẹ̀ banú jẹ́. Gbé e lọ sí kóòtù kò-tẹ́-mi-lọ́rùn. A gbọ́ pé o ti rán aṣọ tí wàá wọ̀ débẹ̀."